Wọ́n Gba Ọ̀já Lọ́wọ́ Mi ní Lọ́ńdọ̀n

Alhaja, ẹ má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀! Ta ló ń fara balẹ̀? Èmi tí wọ́n ní oṣù mẹ́fà ni màá lò lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n dá mi padà sí Ọ̀fà lọ́sẹ̀ kẹta bí ẹrù tí kò tà! Ẹ̀gbọ́n mi ni yín, ọmú kan náà la jọ mu, ẹ gbọ́ ohun tí Hàlímàt, ọmọ tí mo bí, fojú mi rí.

Wọ́n gba ọ̀já lọ́wọ́ mi! Ọ̀já òfì pupa tí mo fi pọn Hàlímàt fúnra rẹ̀, tí mo fi pọn àwọn márùn-ún tó tẹ̀lé e, kò sì sí èyí tó yọ̀ bọ́ lẹ́yìn mi rí nínú wọn. Sódìq ọkọ rẹ̀ ló gbà á, ó ká a, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní, “Mọ́mì, ẹ má pọn ọmọ mọ́.” Wàláhì, bó ṣe wí nìyẹn!

Kí ni mo ṣe? Àwọn ni wọ́n ní ká lọ wo kánífà, pé ọdún ìgboro ni. Ara ti ń fu mí láti ilé. Kí ló lè mú gbogbo ìlú jó lọ́jọ́ kan náà? Mo pọn Àyọ̀ká, ọmọ oṣù mẹ́ta tí Hàlímàt bí, mo so ọ̀já, ó di ojú títì. Háà, ẹ wo èrò! Ìlù irin ń dún, ọkọ̀ àjàgbé gbé gbohùngbohùn tó ga ju òrùlé lọ, obìnrin fi ìyẹ́ bo ìdí, ọlọ́pàá tó yẹ kó mú un ń bá a mi orí! Kí n má purọ́, èmi náà jó. Mo jó títí òógùn fi bò mí.

Àfi bí ọkùnrin gìrìwò kan ṣe já jáde láàárín wọn, ìyẹ́ aláwọ̀ ewé lórí rẹ̀, tó na apá méjèèjì, tó ń pariwo ohun tí mi ò gbọ́. Ẹ̀yìn mi ló ń nàgà sí, Alhaja, níbi tí ọmọ wà! Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ṣebí ẹ mọ ẹni tó bí wa. Ṣebí bàbá wa ló ń dá àwọn géńdé lójú agbo, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Mo wọ abẹ́ apá rẹ̀, mo fẹsẹ̀ kọ́ ọ, mo gbé e ṣánlẹ̀, gbì! Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Hàlímàt já ọmọ gbà, ó bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí mo bá wọlé, wọ́n á dákẹ́. Kí ni wọ́n ń fi pa mọ́ fún mi? Ọjọ́ kẹrin, wọ́n gbé tíkẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́. Ẹ sì mọ ẹni tó ń lọ rọ́pò mi? Ìyá Sódìq, ará Ìjàgbò! Físà tiẹ̀ ti wà nílẹ̀! Ta ló wá rán ọkùnrin yẹn sí mi, ẹ dá mi lóhùn?

Kí lẹ ń wò nínú fóònù yẹn? Ẹ̀rín lẹ ń rín ni, àbí ẹ ń sunkún? Fídíò ọjọ́ náà ni Hàlímàt fi ránṣẹ́? Ó fi hàn yín, kò fi hàn mí! Ẹ gbé e wá. Mo ní kí ẹ gbé e wá!

Ẹ̀n-ẹ́n, èmi nìyẹn, mò ń jó. Ọkùnrin náà nìyẹn.

Ẹ dúró ná. Ẹ dá a padà sẹ́yìn. Kí ló pupa tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn mi yẹn?

Yéè! Ọ̀já ti tú! Alhaja, ọmọ ti yọ̀ dé ìdí mi, orí rẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀! Ọwọ́ ọkùnrin yẹn ló gbé e padà sókè, ẹ wò ó, kó tó di pé mo wọ abẹ́ apá rẹ̀...

Ẹ pa fóònù náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á.

Àṣírí mi ni wọ́n ń bò, tí mo ń pè é ní ọ̀tẹ̀. Kí Ìyá Sódìq máa lọ. Ẹ bá mi pe Hàlímàt, ẹ má sọ pé mo wà níbí. Ẹ kàn bi í pé ọkùnrin yẹn ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ ò kán?