Omi Lásán ni Mo Rọ Sínú Ìgò Dókítà

Ẹ yé pè mí ní ìyá rere. Inú ń bí mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bínú sí o. Ẹnu mi yìí ni, tó dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀, tó wá ń ṣàdúrà kiri lẹ́yìn náà. Ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ ikú bàbá yín ni, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ ilẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé mo bá obìnrin kan ṣiṣẹ́ rí, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà Eléku. Èmi ni mò ń fọ àgò àwọn eku rẹ̀, tí mò ń pààrọ̀ omi wọn. Ó ti sọ wọ́n di ajoògùnyó. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú àgò, bí eku bá ti tẹ̀ ẹ́, oògùn olóró á kán sí i lẹ́nu. Wọ́n á gbàgbé oúnjẹ, wọ́n á máa tẹ irin ṣáá. Bí mo bá ti ń wò wọ́n, bàbá yín ni mò ń rí, àbíkẹ́yìn mi, tó ta bẹ́ẹ̀dì tó ń sùn lé nítorí ìyẹ̀fun olóró tó ń fín símú.

Lọ́jọ́ kan Dókítà pè mí. "Ìyá, ẹ wá wò ó. Àwọn ẹnu ọ̀nà wẹ́wẹ́ kan wà nínú ọpọlọ tí oògùn olóró ń gbà wọlé. Oògùn tuntun mi yìí ló ń dí wọn pa." Òótọ́ ni, àwọn eku tó mu ún kò wo ọ̀gangan irin mọ́. Mo ní kó fún ọmọ mi. Ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, Ìyá. A ò tíì mọ ohun tó máa ṣe fún èèyàn." Sùúrù! Ṣé ọmọ tirẹ̀ ló ń kú lọ ni?

Ni mo bá di olè. Mò ń bù nínú ìgò ńlá inú fìríìjì, mò ń rọ omi ẹ̀rọ dípò rẹ̀ kí wọ́n má baà rí i pé ó ń dín kù, mo sì ń pò ó mọ́ tíì bàbá yín. Ó fín ìyẹ̀fun rẹ̀ títí, kò rí adùn kankan níbẹ̀, ó jù ú nù. Ó ń jẹun, ó ń wẹ̀, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Màámi, tíì yín yìí korò ju ẹnu onílé wa lọ. Ṣé ẹ fẹ́ fi lé mi jáde ni?"

Ṣùgbọ́n omi ti wá pọ̀ ju oògùn lọ nínú ìgò. Àwọn eku padà sídìí irin. Dókítà dúró tì wọ́n, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìgò yìí? Mi ò ní bínú. Bí kò bá sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, á jẹ́ pé oògùn yìí ò ṣiṣẹ́ nìyẹn, màá sì pa iṣẹ́ náà tì." Ẹ gbọ́ ohun tó sọ! Ẹ̀rí pé oògùn rẹ̀ ṣiṣẹ́ wà nílé mi, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi òpònú, èmi ojo, mo fi orí ọmọ mi búra. "Dókítà, ta ló máa fọwọ́ kan nǹkan eku?" Ó da gbogbo rẹ̀ sínú síńkì níṣojú mi. Èmi náà ni mo fọ síńkì ọ̀hún.

Nígbà tí tíì di tíì lásán, ìyẹ̀fun tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa bàbá yín. Iye tó máa ń fín tẹ́lẹ̀ ló fín, ara rẹ̀ kò sì gbà á mọ́. Nílẹ̀ balùwẹ̀ ni ìyá yín ti bá a. Gbogbo ayé ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń fín ìyẹ̀fun ló pa á, èmi náà dìde, mo bá wọn ṣépè. Ta ni mò ń ṣépè fún?

Dókítà ti darúgbó báyìí, ó ṣì gbà pé òun ló kùnà. Ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ná. Bó bá gbá mi létí, kí ẹnikẹ́ni má dá sí i. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé oògùn rẹ̀ ṣiṣẹ́.