Ta Ni Ọkùnrin Náà?

Etí mi yìí, bí èèrà bá húkọ́ ní Ìgèdè, mo ń gbọ́ ọ ní Òkè-Ìlá. N kò dẹtí rárá tí mo fi gbọ́ ìjà tíṣà kan àti ìyá àgbà kan nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé wa lọ sí Adó. Tíṣà ti kọ ìtàn ohun tí ìyá náà ṣe lọ́mọge nígbà ogun, kí àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé lè máa kà á. Ó ń ka ìparí rẹ̀ fún un:

"'Ó kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ la yàrà odi kọjá lábẹ́ ìbọn. Obìnrin bí ọkùnrin ni!'"

"Dúró níbẹ̀. Bí ọkùnrin wo?"

"Ìyá, mo fi yìn yín ni."

"Mo ní ọkùnrin wo! Gbogbo wọn ti sá gun òkè lọ, bàbá tó bí mi ló ṣíwájú wọn. Èmi àti àwọn ọmọ nìkan ló kù nínú ulé. Ta ni mo wá fara wé?"

"Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, Ìyá."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ ọ́! Ọmọ-ọmọ mi á ka èyí, á rò pé ọkùnrin kan ló kọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí tí mo fi tọ̀ sára. Ṣé ìyẹn náà, bí ọkùnrin ni? Fagi lé e!"

Ojú ti tíṣà, ó yọ pẹ́ńsùlù, ó sì fagi lé e.

Ó dáa, irọ́ ni mo pa níbi pẹ́ńsùlù yẹn. Tíṣà kò fagi lé nǹkan kan. Ńṣe ló ká ìwé rẹ̀ sápò, tó ń wo igbó títí a fi dé Adó. Ìyá náà sì sọ̀kalẹ̀ láìdágbére fún un.