Aṣọ Pupa Ọwọ́ Páànù

Wọ́n ní ìyá Thayne ti... ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọjọ́ orí kúkú ti... Wọ́n ní aṣọ tí ìyá náà ti ń fi bo ọwọ́ páànù láti àádọ́ta ọdún, wọ́n ní ó gbàgbé rẹ̀ pátápátá, ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì lọ... Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ni o, èyí tó fi ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní òun alára ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbàgbé. Tó bá wá jẹ́ iná ló gbàgbé lọ́la ńkọ́, tí ọmọdébìnrin yẹn sì wà nínú ilé... Wọ́n ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni Thayne máa...

Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé e kiri ní àfonífojì wa ní Idaho níbí, láti oko ọ̀dùnkún kan dé èkejì, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ dé ìparí. Mo jókòó lẹ́yìn wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́. Mo dúró lẹ́yìn wọn nínú ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra ìyẹ̀fun, mo gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni mo fi ń gbọ́ ọ, tí mo ń wolẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó tó gẹ́ẹ́. Bí n kò bá sọ òtítọ́ yìí jáde, yóò jẹ mí tán láti inú wá. Màmá àgbà kò gbàgbé aṣọ kankan. Èmi Tirzah, ọmọ-ọmọ wọn, ni mo mú un kúrò. Èmi kan náà ni mo sì wo ojú wọn, tí mo purọ́ mọ́ wọn.

Màmá àgbà, Arvilla ni orúkọ wọn, ló tọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí ìyá mi kú. N kò jókòó ní kíláàsì rí. Orí tábìlì ìdáná ni mo ti kọ́ ìwé. Inú ìyẹ̀fun tí wọ́n bá tẹ́ sórí tábìlì ni mo ti ń fi ìka kọ orúkọ ara mi. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni mo mọ̀ ọ́n gbọ́, n kò mọ̀ ọ́n sọ. Bí àlejò bá wọlé, ẹnu mi á wúwo bí ẹni pé wọ́n so òkúta mọ́ ọn. Mo ti di ẹni ogún ọdún báyìí, kò tíì yí padà.

Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni Màmá àgbà máa ń ṣe pankéèkì Jámánì. Kì í ṣe èyí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń yí lójú iná o. Inú ààrò ni tiwa ti ń jinná. Ẹyin mẹ́fà, ife ìyẹ̀fun kan, ife wàrà kan, iyọ̀ díẹ̀, a ó lù ú títí yóò fi hó. Páànù irin dúdú yóò ti wà nínú ààrò tí yóò ti gbóná janjan. A ó ju bọ́tà sí i, yóò máa ta ṣáṣá, a ó da èyí tí a lù lé e lórí, a ó sì pa ìlẹ̀kùn ààrò dé. Fún ogún ìṣẹ́jú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i. Yóò máa wú, yóò máa gun ẹ̀gbẹ́ páànù bọ̀ bí ẹni tó fẹ́ jáde sálọ, àárín rẹ̀ á ga bí ìrọ̀rí. Àmọ́ bó bá ti jáde, kí èèyàn tó ka àádọ́ta, á ti rọ̀ wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń sáré gbé e lọ sórí tábìlì, kí gbogbo ilé lè rí i ní gíga rẹ̀ kí á tó fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí i, kí á sì bu ṣúgà lé e.

Níbi eré sísá náà ni ewu wà. Irin kì í fi ojú sọ pé òun gbóná. Páànù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde àti èyí tó ti wà lórí ìkọ́ ara ògiri láti àná, bákan náà ni ọwọ́ wọn ṣe dúdú. Nítorí náà, Màmá àgbà gé aṣọ pupa kan lára ṣẹ́ẹ̀tì bàbá àgbà. Bí wọ́n bá ti gbé páànù jáde, wọn á fi aṣọ náà bo ọwọ́ rẹ̀, wọn á sì fi ọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Aṣọ wà níbẹ̀, ó gbóná. Aṣọ kò sí níbẹ̀, gbé e. Gbogbo ọmọ ilé wa ló ti mọ̀ ọ́n kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Nílé wa, aṣọ ni à ń wò, a kì í wo irin.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mo ń wí yìí, yìnyín ti bo ọ̀nà. Bọ̀dá Thayne, àkọ́bí Màmá àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, wá pẹ̀lú ìyàwó wọn, Àǹtí Corliss. Àǹtí Corliss rí mi lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, wọ́n ní, “Háà, Tirzah, o ṣì wà láyé? Mo rò pé Màmá ti ṣèèṣì lù ẹ́ mọ́ ẹyin ni.” Bọ̀dá Thayne rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní tí wọ́n bá lù mí mọ́ ẹyin, pankéèkì náà ò ní wú, torí pé kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n mo sá lọ gbé wàrà kí n lè kúrò lójú wọn.

Màmá àgbà gbé páànù jáde. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì: wọ́n gbé e sórí ààrò, wọ́n fi aṣọ pupa bo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n gbá a pẹ́pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì wọ yàrá tí a ń kó oúnjẹ sí lọ mú lẹ́mọ́ọ̀nù. Èmi ni mo ń gbé ìkòkò wàrà bọ̀. Ọwọ́ mi yà, wàrà dà sórí tábìlì, ó ń ṣàn lọ tààrà sídìí Bíbélì ńlá tí a kọ orúkọ àwọn òkú ilé wa sí. Orúkọ ìyá mi wà níbẹ̀. N kò ronú. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo fa aṣọ tó sún mọ́ mi jù lọ, mo fi nù ún kíákíá kí Bọ̀dá Thayne tó rí i.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí ni, ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni ì bá jẹ́. Ẹ gbọ́ èyí tó kù.

Mo yíjú padà pẹ̀lú aṣọ tútù náà lọ́wọ́ mi, mo sì rí Àǹtí Corliss tí wọ́n ń lọ sídìí ààrò. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé e kó tó rọ̀. Wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n wo ọwọ́ páànù. Mo ní wọ́n wò ó: wọ́n wá aṣọ, wọn kò rí i, wọ́n sì gbà pé ọwọ́ páànù kò gbóná, bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n nílé wa. Mo ní àyè láti sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó gbóná. Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo la ẹnu. Ohùn kò jáde. Ọmọ ogún ọdún, ojo! Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ọwọ́ èèyàn bó ṣe ń lọ sórí irin, títí ó fi dì í mú.

N kò lè ṣàpèjúwe igbe náà. Awọ ọwọ́ wọn lẹ̀ mọ́ irin kí wọ́n tó já a gbà. Páànù ṣubú, pankéèkì fọ́n sílẹ̀. Bọ̀dá Thayne gbé wọn jáde, wọ́n ki ọwọ́ náà bọ inú yìnyín. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, ojú Bọ̀dá Thayne ti pọ́n. Wọ́n béèrè pé aṣọ dà, ta ló yẹ kó fi aṣọ síbẹ̀? Aṣọ wà nínú àpò ẹ́púrọ́ọ̀nù, aṣọ ìdáná tí mo so mọ́dìí. Ó tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ mi nítan. Bọ̀dá Thayne ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé èmi tí mo dàgbà tó báyìí kò yẹ kí n ṣì máa sá sẹ́yìn Màmá, pé àwọn yóò fi mí ránṣẹ́ sí ìlú ńlá kí n lọ máa ṣiṣẹ́ láàárín àwọn èèyàn. Ẹ̀rù bà mí.

Bọ̀dá Thayne kò dúró gbọ́ èsì, wọ́n jáde lọ gbé ọkọ̀ wá. Màmá àgbà dúró pẹ̀lú lẹ́mọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n wo ààrò, wọ́n wá yíjú sí mi. Ohùn wọn kéré.

“Tirzah, ọmọ mi, ìwọ lo dúró níbí. Ṣé mo fi aṣọ síbẹ̀ àbí mi ò fi síbẹ̀?”

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Èmi tí mo ti fọ́ ẹyin mẹ́fà láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò mọ̀ pé èyí tó burú jù láti fọ́ ṣì wà lẹ́nu mi. Ẹnu tó kọ̀ láti là nígbà tó yẹ kó gba ọwọ́ èèyàn là, ó là wẹ́rẹ́.

“Mi ò rí aṣọ kankan níbẹ̀, Màmá.”

Mo sì sá jáde. N kò dúró gbọ́ ohun tí wọ́n fi dáhùn. Mo sá lọ sí yàrá mi, mo ki aṣọ náà bọ abẹ́ ibùsùn, mo sì jókòó lé e lórí.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù orí ara wọn. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Wọ́n kọ ìwé pélébé-pélébé, wọ́n ń lẹ̀ wọ́n kiri: pa iná, ti ìlẹ̀kùn, o ti lo oògùn. Wọ́n gbé páànù irin lọ sí ilé ìkẹ́rùsí, wọn kò tan ààrò mọ́. Wọn a máa bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé ṣé àwọn ti jẹun. Láàárọ̀ kan, mo ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, mo gbọ́ tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọmọ wọn jẹ́jẹ́, láti orí àkọ́bí dé orí ìyá mi, tí wọ́n tún ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ọ̀kan ti sọnù. Kò sí nǹkan kan tó ṣe orí wọn. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbin ẹ̀rù síbẹ̀, tí mo sì ń bomi rin ín lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́. Ìgbà náà ni Bọ̀dá Thayne lọ gba ìwé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Màmá àgbà kò jiyàn. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí àwọn má lọ sun ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹnu yín wúwo bíi tèmi, tí wọ́n ń yìn yín pé ẹ jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́, ẹ fi mí kọ́gbọ́n. Kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́jẹ́ ni ìwà pẹ̀lẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ mi bó awọ ọwọ́ èèyàn, ó sì fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó tọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà kiri, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé èyí náà kiri, ẹ má sì dá a dúró sí àárín. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àǹtí Corliss, mo tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ti Màmá àgbà, n kò mọ bí a ṣe ń tọrọ rẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, Bọ̀dá Thayne àti Àǹtí Corliss wá kí Màmá àgbà lè fọwọ́ sí ìwé náà. Àpótí ẹrù ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n tó dé ni mo ti lọ gbé páànù irin wọlé, mo tan ààrò, mo lu ẹyin mẹ́fà. Nígbà tí bọ́tà ta òórùn, Màmá àgbà wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ìdáná, wọn kò wọlé. Mo gbé páànù jáde níṣojú gbogbo wọn. Mo fa aṣọ pupa náà yọ láti inú àpò mi, ó ti gan pẹ̀lú wàrà, ó ń rùn, mo fi bo ọwọ́ páànù. N kò lè sọ̀rọ̀, aṣọ náà ló kọ́kọ́ bá mi sọ ọ́. Pankéèkì rọ̀ wálẹ̀ lójú wa, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni ẹnu mi là, mo sì sọ ohun gbogbo bí mo ṣe kọ ọ́ síhìn-ín.

Bọ̀dá Thayne kò gbà mí gbọ́. Ẹ wo nǹkan: irọ́ mi wọlé kíá, òtítọ́ mi dúró síta. Wọ́n fi pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, èyí gan-an ló dẹ́rù bà mí jù. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé mo fẹ́ràn Màmá, pé aṣọ pupa pọ̀ nínú ilé, ẹ̀rù pé Màmá ń lọ ló ń mú mi purọ́. “Àti pé Màmá fẹnu ara wọn sọ pé àwọn gbàgbé. Ká ní wọ́n rántí aṣọ yẹn ni, ìwé yìí ì bá má wọ ilé yìí. Corliss ṣáà wà níbẹ̀, ó gbọ́.”

Màmá àgbà ń wo aṣọ náà. Wọ́n rìn lọ sídìí rẹ̀, wọ́n gbá a pẹ́pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n yíjú sí ìyàwó ọmọ wọn.

“Corliss, kí ni mo sọ lọ́jọ́ náà, nígbà tí Tirzah jáde? Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀.”

Àǹtí Corliss ṣí àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n ń wo ojú àpá tó nà gbọọrọ níbẹ̀, bí ọwọ́ páànù gẹ́lẹ́. Wọ́n gbé ojú sókè, èmi ni wọ́n sì ń wò, kì í ṣe Màmá àgbà.

“Ẹ ní, ‘Mo rántí pé mo fi aṣọ yẹn síbẹ̀, mo sì gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bí Tirzah bá ní kò sí níbẹ̀, a jẹ́ pé orí mi ló ń tàn mí. Torí ọmọ yẹn ò purọ́ fún mi rí.’ ”