Omi Gbígbóná Lórí Gíláàsì

Nínú trotro, ọkọ̀ èrò kan tó ń ti Tafo bọ̀, ni mo ti gbọ́ ọ, láàárín Hàjíyà kan tó ń ta ẹja dídì ní Krofrom àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kánádà dé.

"Ọmọ mi pè mí láti Kánádà ọ̀hún pé yìnyín ti dì mọ́ gíláàsì mọ́tò òun, òun ò ríran níwájú. Mo ní kó da omi gbígbóná sí i. Ṣebí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń tú ẹja mi láràárọ̀."

"Áà, Hàjíyà. Gíláàsì kì í ṣe ẹja o. Ó máa sán ni."

"Ó ti sán. Ìyàwó ẹ̀ ló sọ fún mi. Ọmọ mi fúnra ẹ̀, 'Ẹ ṣé, màámi' ló sọ. Ẹsẹ̀ ló wá ń fi lọ síbi iṣẹ́ nínú yìnyín báyìí."

"Ẹ ní kó máa rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ, díẹ̀díẹ̀. Kó sì da iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kó má baà yọ̀ ṣubú."

"Ìwọ ni kó o bá mi sọ ọ́, wàláhì. Ohunkóhun témi bá sọ, ó máa ṣe é. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Ó na fóònù sí i.

Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn wọn, àbúrò mi ní kí n wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ òun ní Kánádà yìí kan náà. Látọjọ́ tó ti sọ ọ́ ni mo ti ń purọ́ fún un pé orúnkún ń dùn mí. Nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀ ní Dichemso, ó ti ń dùn mí lóòótọ́.