Ẹsẹ̀ Ló Gbé Mi Wọlé Ọkọ

Ẹ̀yin ará ìjọ wa, láti àárọ̀ lẹ ti ń kí mi pé ó dàbọ̀, ẹ ń sọ pé ẹ ò tíì rí aya rere bí èmi Verlene Hadnot ní gbogbo Texarkana. Ẹ dákẹ́ ná. Oyin tí ẹ ń tọ́ sí mi lẹ́nu yìí ń korò lọ́nà ọ̀fun mi, torí mo mọ ohun tí mo ṣe. Mi ò lè kó ẹrù mi kúrò nílùú yìí kí n sì fi irọ́ sílẹ̀ de yín. Ọkọ mi Cleotis ti gbọ́. Renita ọmọ rẹ̀ ti gbọ́. Ẹ̀yin ló kù.

Gbogbo yín lẹ mọ òpópónà tó la ìlú wa sí méjì, tí apá kan jẹ́ ti Texas, tí apá kejì jẹ́ ti Arkansas. Oòrùn kan náà ló ń pa wá, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń wá, àmọ́ bí àìsàn bá dé, ẹ mọ̀ pé a kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́. Ní Arkansas, àgbàlagbà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lè gba káàdì ìtọ́jú lọ́wọ́ ìjọba, ì báà bímọ, ì báà má bí. Ní Texas, bí o kò bá ní ọmọ kékeré lọ́wọ́, tí o kò sì yarọ, àdúrà ló kù fún ọ.

Texas ni mo ń gbé kí n tó fẹ́ Cleotis, nínú ilé bíríkì tí ìyá mi fi sílẹ̀. Èmi àti Ozella Battise, ẹni tó jókòó síwájú yẹn, la jọ ń dáná fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni, kò sí adójútòfò ìlera nínú rẹ̀. Àtọ̀gbẹ mú àwa méjèèjì. Bí a bá rí oògùn rà, a máa ń gé e sí méjì kó lè pẹ́, Ozella á sì ní kí àtọ̀gbẹ náà lọ gé ara rẹ̀ sí méjì. Nígbà tó yá, egbò yọ sí mi lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo rò pé bàtà ló bó mi. Mo fi ìpara pa á, mo fi aṣọ dì í, kò jinná.

Cleotis, tí ń tún ẹ̀rọ ìgékoríko ṣe ní apá Arkansas, ti ń wá mi kiri fún ọdún gbọọrọ. Aya rẹ̀ ti kú. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń gbé tòmátò tó gbìn fúnra rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, èmi àti Ozella á gba tòmátò, a ó sì fi ṣòkòtò rẹ̀ tí kì í dé ọrùn ẹsẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé ilé. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, nídìí ìkòkò ẹ̀wà, Ozella wo bí mo ṣe ń tiro, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan.

“Verlene, ọkùnrin tá à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, apá ibo nilé ẹ̀ wà?”

Mo ní Arkansas ni. Ó sì ń ro ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún Cleotis pé mo gbà. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun á kó wá sílé mi, torí ilé mi dára ju tòun lọ, tòun ń jò. Mo sáré dá a lóhùn pé èèwọ̀ ni, obìnrin ló ń lọ sílé ọkọ. Ó ní òun ò mọ̀ pé mo fẹ́ràn àṣà àtijọ́ tó báyẹn. Ẹ̀yin ará, mi ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí la ti ṣègbéyàwó, ẹ̀yin lẹ kọrin fún wa, ẹsẹ̀ mi ni mo sì ń rò bí mo ṣe ń jẹ kéèkì.

Káàdì dé. Dókítà gé egbò náà, ó wẹ̀ ẹ́ mọ́. Nọ́ọ̀sì ní, “Mà, ó kù díẹ̀ kó bọ́rí. Àwọn tó ń gbé ní òdìkejì, ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti dúdú ni wọ́n ń délé ìwòsàn.” Ozella ni mo rántí. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Nígbà tí mo lọ wò ó, èmi ni mò ń sunkún, òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní bàtà òun tó ti ń fún òun tẹ́lẹ̀ ti wá gba òun dáadáa.

Ohun tí mo pinnu ni pé bí ara mi bá le, màá wá ìjà kan jà, màá sì padà sílé ìyá mi. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́. Àmọ́ alaalẹ́ ni Cleotis ń fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ ẹsẹ̀ mi, á wọ awò ojú rẹ̀, á yẹ àárín ìka mi wò bí ẹni ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò, á ní eléyìí ṣì máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò mọ ọjọ́ tí ìfẹ́ wọlé. Mo ṣàdédé rí i pé bí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, màá tún gèlè mi wé.

Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, ẹ̀ bá kàn rẹ́rìn-ín lásán. Àmọ́ Cleotis lọ pẹja lọ́jọ́ kan, ó gbàgbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì. Renita ló pè láti Dallas, mo sì gbé e. Ó ní òun ti lóyún, oyún náà ń da òun láàmú, ọkọ òun sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun lókè òkun. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Dádì. Kí ẹ̀yin méjèèjì wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Yàrá wà ńlẹ̀.”

Texas ni Dallas wà. Bí a bá kó lọ, káàdì mi parí. Mo ní màá sọ fún un. Cleotis dé pẹ̀lú ẹja, ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni pe òun. Mo ní rárá. Nígbà tí Renita tún pè, mo tún gbé e, mo ní bàbá rẹ̀ ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Ọmọbìnrin náà ní ó dáa, kò sì pè mọ́. Agídí ni bàbá, agídí ni ọmọ. Ọmọ gbà pé bàbá òun torí ìyàwó tuntun kọ òun sílẹ̀. Bàbá náà gbà pé ọmọ ń bínú pé òun fẹ́ ìyàwó. Èmi ń jókòó láàárín wọn, mò ń se ọbẹ̀. Corinne, ọmọ tí Renita bí, ti ń rìn kí Cleotis tó fojú kàn án.

Ní oṣù tó kọjá, mo pé ọdún márùndínláàádọ́rin, káàdì àwọn àgbà sì dé, èyí tí wọ́n ń gbà ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwáwí mi tán. Mo pe Renita, ó sì gbé Corinne wá síbi ọjọ́ ìbí mi. A ti yan ẹran ìhà, gbogbo ènìyàn ń yọ̀, àmọ́ mo rí i tí bàbá àti ọmọ ń bára wọn sọ̀rọ̀ bí àlejò méjì tó ń dúró de ọkọ̀. Mo gbé àwo mi sílẹ̀. Mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀, àti ti ẹsẹ̀ àti ti fóònù.

Renita yíjú sí bàbá rẹ̀. “Dádì, mo rò pé ẹ kọ̀ mí ni.”

Cleotis ní, “Èmi náà rò pé o kọ̀ mí.”

Wọ́n dì mọ́ra. Mo sorí kọ́, mò ń dúró kí wọ́n lé mi. Nígbà tó pẹ́, Cleotis nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí mi.

“Ti ẹsẹ̀ yẹn ò dùn mí. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló gbé ọ wá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Ti ọmọ mi ló dùn mí dé egungun. Torí náà, Dallas là ń lọ.”

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Renita ló gbà mí mú. Ó ní, “Màmá, inú ṣì ń bí mi, á sì pẹ́ kó tó tán. Àmọ́ ẹ máa bọ̀, kẹ́ ẹ wá máa gbọ́ ìbínú náà nítòsí.” Ozella, tóun náà wá bá wa jẹun, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo ilé bá gbà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àìsàn bá lé yín wọlé ọkọ, ẹ sọ fún un kó tó ra òrùka. Ẹ má sì ṣe jókòó lé ọ̀rọ̀ tí ọmọ rán sí bàbá rẹ̀ láéláé. Ẹ̀yin ará, ẹ dárí jì mí. Ozella nìkan ló ní òun ò tíì dárí jì mí. Ó ní ọjọ́ orí òun kò tíì tó ti káàdì àgbà, nítorí náà, kí n tó lọ, kí n bá òun wá ọkọ ní Arkansas. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, tí ilé yín wà ní apá ibẹ̀, ẹ dìde kó rí yín dáadáa.