Ìbéèrè Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Fíláàṣì

Ohun tí mo ti fi ọ̀rọ̀ iná bò mọ́lẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ọjọ́ ti tó kí n tú u síta. Kì í ṣe iná ló pa ohùn bàbá ìyàwó mi rẹ́. Èmi Dúró ni.

Ẹ̀yin ọmọ Addo tí ẹ ń gba fíláàṣì lọ́wọ́ mi, ẹ mọ iṣẹ́ mi. Kọ̀ǹpútà àlòkù ni mò ń rà, tí mò ń gbé Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, sórí wọn fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ láti Ajah dé Lakowe. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni mò ń jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa bi mí ní èdè tí mo fẹ́, ìlú tí mo wà, àti irinṣẹ́ tí kó kó wọlé. Mo kórìíra ìbéèrè. Fúnmilọ́lá ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Dúró mi, bí Pétérù bá bi ẹ́ lórúkọ lẹ́nu ọ̀nà ọ̀run, wàá kàn yí padà ni."

Nítorí náà, mo kọ gbogbo ìdáhùn sínú fíláàṣì kan sílẹ̀. Tí mo bá ti fi í sínú kọ̀ǹpútà, tí mo sì tàn án, ó parí: yóò nu inú rẹ̀, yóò gbé Linux tuntun sórí rẹ̀, yóò kó gbogbo irinṣẹ́ wọlé, títí kan èyí tí a fi ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: "Gbogbo ohun tó wà níbí máa pa rẹ́. Ṣé ó dá ọ lójú?" Èmi ọlọ́gbọ́n, mo yọ òun náà.

Kọ̀ǹpútà Fúnmilọ́lá wà nílé. Inú rẹ̀ ni ohùn bàbá rẹ̀ wà, olóògbé Wòlíì Gbádégẹṣin, orin wọn àti àdúrà wọn. Tó bá ń lọ aṣọ funfun rẹ̀ láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn yẹn ló máa ń gbọ́. Lọ́jọ́ kan, mo fi fíláàṣì mi kó orin fún un, mo sì gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Iná lọ. Iná dé. Kọ̀ǹpútà tan ara rẹ̀ bí mo ṣe ṣètò rẹ̀, fíláàṣì sì ṣe ohun tí mo kọ́ ọ. Nígbà tí mo fi máa ti ṣọ́ọ̀bù dé, inú kọ̀ǹpútà ti mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Mo yọ fíláàṣì, mo sọ ọ́ sápò. Ẹ gbọ́ ìwà àgbàlagbà! Ìyàwó mi wọlé, kò rí ohùn bàbá rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà mọ́, ó ní, "Dúró, kí ló ṣe é?" Mo ní, "Iná yẹn ni. Wáyà tí Habeeb fà yìí ò dáa."

Habeeb ni oníwáyà àdúgbò wa, ọmọ tó ń pè mí ní bọ̀dá. Ó wá, ó tú gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì. "Bọ̀dá mi, wáyà yìí clean o. Wallahi, kò sí ibi tó ti jó." Mo ní kó máa lọ. Lándíọ́ọ̀dù gba iṣẹ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó mi ò sì dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́. Mò ń wò wọ́n, mo sì ń jẹun.

Lánàá, Habeeb kan ilẹ̀kùn wa, fóònù àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àǹtí, mo ń palẹ̀ yàrá mi mọ́ ni mo rí i. Nígbà tí mo wáyà ṣọ́ọ̀ṣì yín, Bàbá pray fún mi, wọ́n ní kí n record ẹ̀. Ẹ máa lò ó." Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Wòlíì jáde: "Habeeb ọmọ mi, o tan iná fún wa, Ọlọ́run á tan tìẹ."

Fúnmilọ́lá bú sẹ́kún. Ó ní, "Habeeb, ohun tí wáyà ẹ ṣe, mo ti dárí jì ẹ́." Habeeb wò mí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí." Ẹ̀ṣẹ̀ mi ló ń gba ìdáríjì rẹ̀ yẹn!

Ọkàn mi ò gbà á mọ́. Láàárọ̀ yìí, bí Fúnmilọ́lá ṣe ń lọ aṣọ, tó ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ nínú fóònù náà, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún obìnrin tí mo fẹ́ràn jù láyé. Mo rò pé yóò lé mi jáde. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan: "Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ síbí lánàá, ta ni yóò gbé e dìde?"

Òní ni Jímọ̀. Iwájú mọ́sálásí ọ̀nà Addo ni mo ti ń kọ èyí, mò ń dúró kí wọ́n kírun tán. Lójú gbogbo èèyàn ni èmi ẹ̀gbọ́n yóò ti dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò. Habeeb, jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kó àwọn fíláàṣì mi padà wá, mo ti ní òmíràn fún yín. Mo ti dá ìbéèrè yẹn padà sínú rẹ̀. Tó bá bi yín, ẹ má kánjú bíi tèmi. Ẹ dá a lóhùn.