Ọmọ Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Pa

Ọjọ́ tí wọn yóò yẹgi fún mi kò jìnnà mọ́. Ẹ má bá mi kẹ́dùn. Bí mo bá wo ọwọ́ tí mo fi ń jẹun nínú ẹ̀wọ̀n yìí, mo máa ń gbé oúnjẹ sílẹ̀.

Ọmọ Ọ̀tà ni mí. Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló gbà mí tọ́, iṣẹ́ rẹ̀ náà ni mo sì kọ́. Bí mo bá ṣi igi gé, á ní kí n kúnlẹ̀ sórí èèpo èkùrọ́, á máa fi pákó lù mí, á sì máa rẹ́rìn-ín. Mo búra pé bí mo bá bímọ, n kò ní lù ú láé.

Ìyàwó mi, Sàlámọ̀tù, bí Àṣàkẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi pa ẹ̀jẹ́ náà mọ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà da ẹ̀kọ sórí àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Mo gbá a létí. Ó ń wò mí tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù. Ó dùn mọ́ mi. Ohun ìríra ni, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi pé ẹnìkan ń bẹ̀rù mi.

Láti ọjọ́ náà, n kò dáwọ́ dúró mọ́.

"Bàbá Àṣàkẹ́," ni ìyàwó mi wí, "ohun tí wọ́n ṣe sí yín lẹ ń ṣe sí i yìí."

"Ṣé ó pa mí?"

"Bí kò bá pa yín, kí ló pa àánú inú yín?"

Mo bú u, mo jáde.

Àṣàkẹ́ ti di ọmọ ọdún méje. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà, ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, n kò ní ṣe é mọ́."

"Kí lo ṣe?"

"N kò mọ̀."

Ó yẹ kí n sunkún. Inú ló bí mi, àfi bíi pé ó ń fi mí wé ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo mú pákó. Nígbà tí yóò fi rẹ̀ mí lápá, ọmọ náà kò mí mọ́.

Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ṣubú ni. Ó tú aṣọ ọmọ rẹ̀, ó rí ẹ̀yìn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì lọ pe ọlọ́pàá. Ní kóòtù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìyà tí mo jẹ léwe fún adájọ́ òyìnbó. Sàlámọ̀tù dìde, ó tutọ́ sílẹ̀, ó jáde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n fìyà jẹ, ẹ̀bi yín kọ́ ni ìyà yẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá fi jẹ ọmọ yín, tiyín ni. Bí ìbínú bá ń borí yín, ẹ gbé ọmọ náà fún ẹlòmíràn tọ́. Wọ́n lè fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ọmọ yín yóò wà láàyè.